Iyèrírá oníkókó Lewy

'''Iyèrírá oníkókó Lewy''' jẹ́ àìsàn ọpọlọ tí ó sábà máa ń mú àwọn tí ó ti lé ní ẹni 50 ọdún. Ó wà lára àwọn irú iyèrírá tí kò wọ́pọ̀ tó ti Alzheimer. Èròjà purotéènì kan tí ń jẹ́ alpha-synuclein ni ó máa ń ṣù jọ di kókó tíntìntín nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ aláìsàn. Irú kókó kan náà ni a ń rí nínú àrùn Parkinson, ìdí nìyí tí àwọn àìsàn méjèèjì fi jọra.

Orúkọ rẹ̀ lédè Yorùbá lè ṣi ènìyàn lọ́nà. "Iyèrírá" ń tọ́ka sí iyè tí ó rá, ìyẹn ìrántí tí ó ti lọ. Nínú àìsàn yìí, ìrántí lè ṣì dára ní ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí nǹkan mìíràn ti ń bàjẹ́. Ẹbí tí ó bá ń dúró de ìgbàgbé kí wọ́n tó gbé àgbà lọ sí ilé ìwòsàn lè pẹ́ jù.

== Ìtàn ==
Friedrich Heinrich Lewy, oníṣègùn tí a bí ní ìlú Berlin ní 1885, ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àwọn kókó náà ní 1912, nínú ọpọlọ àwọn tí ó ní àrùn Parkinson. Ní 1976, Kenji Kosaka ní ilẹ̀ Japan kọ nípa aláìsàn kan tí ó ní iyèrírá, tí kókó náà sì ti tàn dé èèpo òkè ọpọlọ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ gbé ìlànà ìdámọ̀ àìsàn náà jáde ní 1996. Wọ́n ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní 2017.

Ní Nàìjíríà, Ìbàdàn ni ìwádìí iyèrírá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Ní 1992 ni Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn àgbàlagbà àdúgbò Ìdíkan wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì tí ó jáde ní 2001 fi hàn pé láàárín àwọn tí ó ti pé ẹni 65 ọdún sókè, iyèrírá ń mú ènìyàn 1.35 nínú 100 lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, ó sì ń mú 3.24 ní Indianapolis. Ní 2002, Adesola Ogunniyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn ọmọ Nàìjíríà kan tí ó ní iyèrírá oníkókó Lewy jáde. Láti ìgbà náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún pè é ní àìsàn òyìnbó.

== Àwọn àmì àti ìdámọ̀ rẹ̀ ==
Àmì mẹ́rin ni ó ṣe kókó. Èkíní ni òye tí ó ń wá tí ó sì ń lọ: láàárọ̀, ìyá àgbà lè pe gbogbo ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ, lọ́sàn-án, ó lè tẹjú mọ́ ògiri láìdá ẹnikẹ́ni lóhùn. Èkejì ni rírí ohun tí kò sí níbẹ̀, bí ọmọdé, ẹranko kékeré tàbí àlejò tí ó jókòó sí pálọ̀, tí aláìsàn yóò sì ṣàpèjúwe kínníkínní. Ẹ̀kẹta ni ara líle, ẹsẹ̀ wíwọ́ àti ọwọ́ gbígbọ̀n. Ẹ̀kẹrin ni kí ènìyàn máa pariwo tàbí ja ìjà tí ó ń lá lójú oorun. Èyí lè ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú. Bí méjì nínú mẹ́rin bá pàdé lára ẹni tí òye rẹ̀ ti ń dínkù, oníṣègùn ní ìdí láti gbà pé àìsàn yìí ni. Bí ó bá jẹ́ pé àrùn Parkinson ti wà fún ọdún kan ó kéré tán kí òye tó dínkù, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń fún un: iyèrírá àrùn Parkinson.

Àmì kejì ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù nílé Yorùbá. Àgbà tí ó ń bá ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò rí sọ̀rọ̀, wọn a ní àjẹ́ ni, tàbí pé àwọn ará ọ̀run ti ń pè é. Àmì àkọ́kọ́ pàápàá ń dá ìjà sílẹ̀. Ní Magboro, Ibafo àti Mowe, àwọn ìlú etí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń jáde lọ sí Èkó ní ìdájí, wọn a sì padà lálẹ́. Ọmọ tí ó ń rí ìyá rẹ̀ ní wákàtí méjì péré lóòjọ́ lè búra pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Ẹni tí ó ń bá a gbé lọ́sàn-án ni ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e lọ bá dókítà.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tí ó lè fi ìdí àìsàn yìí múlẹ̀ pátápátá. Dókítà yóò kọ́kọ́ wá àwọn ohun mìíràn tí ó lè da orí àgbà rú: ibà, àrùn inú ìtọ̀, àìtó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, rọpárọsẹ̀, àti òògùn tí ó ń lò tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán èròjà dopamine nínú ọpọlọ wúlò, ṣùgbọ́n owó wọn ga. Ìbéèrè tí a fara balẹ̀ bi ni ohun èlò tí ó wà ní àrọ́wọ́tó gbogbo ènìyàn. Ìwé ìbéèrè CSI-D, tí wọ́n kọ́kọ́ lò láàárín àwọn ẹ̀yà Cree ní Kánádà kí wọ́n tó mú un wá sí Ìbàdàn, kò béèrè pé kí àgbà mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ó sì ní apá tí a ń bi ìbátan rẹ̀. Láti Magboro, ènìyàn lè lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáñjọ ní Ṣágámù, UCH ní Ìbàdàn tí ó ní ibùdó ìtọ́jú àgbàlagbà, tàbí ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta.

== Ìtọ́jú ==
Kò tíì sí òògùn tí ó ń wo àìsàn yìí sàn. Rivastigmine àti donepezil lè mú kí òye já gaara díẹ̀, kí ìran náà sì dínkù. Levodopa lè tú ara tí ó le, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ìran pọ̀ sí i. Nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni a ń fún aláìsàn.

Ibi tí ewu wà nìyí: '''haloperidol''' àti àwọn òògùn bẹ́ẹ̀, tí a máa ń fún ẹni tí ó ń rí ìran tàbí tí ó ń jà, lè pa aláìsàn yìí. Ara rẹ̀ lè le gbagidi, kí ó má lè gbé oúnjẹ mì, kí ó sùn lọ bí òkú. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè mọ èyí tí yóò ṣe é ṣáájú. Kí ẹbí kọ orúkọ àìsàn náà àti ti òògùn yìí sí ìwé pélébé, kí wọ́n máa mú un dání lọ sí ilé ìwòsàn èyíkéyìí, pàápàá lóru tí dókítà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò mọ aláìsàn rí. Bí ó bá ti ń lo irú òògùn bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tètè padà sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n má dá a dúró fúnra wọn.

Nílé, iná tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa, awò ojú tí ó bá ojú mu, àti ilẹ̀ tí kò ní ẹní tí ẹsẹ̀ lè kọ́ ń ṣèrànwọ́. Kò sí èrè nínú kí a máa bá àgbà jiyàn pé ọmọ tí ó rí kò sí níbẹ̀. Bí ọmọ náà kò bá dẹ́rù bà á, kò pọn dandan kí a fún un ní òògùn kankan nítorí rẹ̀.