Ṣé Ó Tọ́ Kí A Fi Ẹkún Ẹlẹ́kún Ṣe Fíìmù?

Bíbélì Kíkà: Sámúẹ́lì Kejì 12:1-7, Jóòbù 2:11-13

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí àwa onígbàgbọ́ jọ yẹ̀ wò, pàápàá àwa tí a wà ní ìhà Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Bí ibi ńlá bá ṣẹlẹ̀ ní ìlú, ǹjẹ́ ó tọ́ kí àwọn òṣèré sọ ọ́ di fíìmù nígbà tí omijé àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí kò tíì gbẹ?

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kan lọ́nà ní Èmùré-Èkìtì, wọ́n sì kó àwọn ọmọdé, àwọn olùkọ́ àti awakọ̀ wọn wọ igbó lọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n pa ọba méjì ní ìhà Ìkọ̀lé. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 4 oṣù Kejì, àwọn ọmọ náà padà dé, a sì fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n awakọ̀ náà kò bá wọn padà. Wọ́n ti pa á. Bí àwọn òbí kan ti ń yọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé kan ń sunkún.

Ṣáájú èyí, ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn agbébọn ti ya wọ ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, ìlú tí kò jìnnà sí wa, wọ́n sì pa nǹkan bí ènìyàn 40.

Ẹ wá rò ó wò. Ọmọ tí ó wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn jókòó ti ìyá rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n, ó sì rí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tí wọ́n dá dúró, ó gbọ́ ìró ìbọn. Ohun tí aládùúgbò ń wò jẹ ìpápánu, igbó ni ó dá ọmọ yẹn padà sí.

Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń sọ pé kí a má ṣe é rárá. Èmi kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé Jóṣúà orí 4, Ọlọ́run pàṣẹ kí wọ́n to òkúta jọ, kí àwọn ọmọ lè béèrè, kí àwọn baba sì lè sọ ìtàn. Bí a bá dákẹ́ pátápátá, oníṣẹ́ ibi ni ó jèrè rẹ̀. Láti ọdún 1985 ni ẹgbẹ́ Mount Zion tí Mike Bamiloye dá sílẹ̀ ti ń fi eré wàásù fún wa. Eré kì í ṣe ọ̀tá wa. Bí a ṣe ń ṣe é ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wo wòlíì Nátánì. Dáfídì gba aya Ùráyà, ó sì jẹ́ kí wọ́n pa ọkùnrin náà sí ojú ogun. Nátánì wá bá ọba, ó sì pa ìtàn tálákà kan fún un, ẹni tí kò ní ju àgùntàn kan ṣoṣo lọ, tí olówó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ṣe àfihàn ẹ̀jẹ̀ Ùráyà, kò sì tú Bátíṣébà sí ìhòòhò lẹ́ẹ̀kejì. Ó bo àwọn tí ọ̀ràn dùn mọ́lẹ̀, ó sì tọ́ka sí ẹni tí ó ṣẹ̀. Ọba fi ẹnu ara rẹ̀ dá ẹjọ́ ara rẹ̀. Àwọn àgbà wa náà ní gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ.

Olóògbé Hubert Ogunde mọ ọgbọ́n yìí. Nígbà tí ìjà òṣèlú ń tú ilẹ̀ Yorùbá ká, ó ṣe eré Yorùbá Ronú ní ọdún 1964. Ó fi ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀ ṣe é, kò dárúkọ olóṣèlú kankan, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi fòfin dè é. Ní ọdún 1966, nígbà ìjọba Adekunle Fajuyi, ọmọ Adó-Èkìtì, ni wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Ẹ tún wo fíìmù 93 Days tí ó jáde ní ọdún 2016. Àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014. Ènìyàn 20 ni ó ràn, 8 sì kú nínú wọn. Dókítà Ameyo Adadevoh kọ̀ kí aláìsàn àkọ́kọ́ náà kúrò ní ilé ìwòsàn, òun náà sì bá a lọ. Ọdún méjì péré ni fíìmù náà fi tẹ̀lé ọ̀ràn yìí, ṣùgbọ́n ìfara-ẹni-rúbọ ni ó gbé ga. Ní ìdà kejì, nígbà tí fíìmù Half of a Yellow Sun fẹ́ jáde ní ọdún 2014, ọdún 44 lẹ́yìn ogun abẹ́lé, àjọ tí ń yẹ fíìmù wò kò tètè fọwọ́ sí i. Nítorí náà, iye ọdún nìkan kọ́ ni òṣùwọ̀n. Kí ni ó wà lọ́kàn ẹni tí ń sọ ìtàn náà?

Nígbà tí ibi dé bá Jóòbù, ọjọ́ méje ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi jókòó tì í lórí ilẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Iṣẹ́ dáadáa tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́. Ẹni tí yóò gbé kámẹ́rà, kí ó kọ́kọ́ jókòó ti ọlọ́fọ̀. Kí ó béèrè lọ́wọ́ opó. Bí owó bá wọlé, kí àwọn ọmọ òkú mọ̀ sí i. Kí ó má sì sọ apànìyàn di akọni.

Kí àwa náà má sì dá àwọn òṣèré nìkan lẹ́bi. Ní ọjọ́ tí ti Ọ̀wọ̀ ṣẹlẹ̀, àwòrán òkú ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn, àwọn ọmọ ìjọ sì wà lára àwọn tí ń fi ránṣẹ́. Ṣémù àti Jáfẹ́tì fi ẹ̀yìn rìn láti lọ da aṣọ bo baba wọn. Ìwọ ńkọ́? Kí o tó tẹ fóònù yẹn, bi ara rẹ léèrè bí ìyá ẹni náà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ṣé wàá fi hàn án?

Àdúrà: Olúwa, tu gbogbo ilé tí ń ṣọ̀fọ̀ ní Èmùré, ní Ìkọ̀lé àti ní Ọ̀wọ̀ nínú. Fún àwọn tí ń sọ ìtàn wa ní ọkàn Nátánì, kí o sì kọ́ ojú àti ọwọ́ wa ní àánú. Ní orúkọ Jésù. Àmín.