Ọmọ Èkìtì gba 121, ó yege. Ọmọ Ògùn gba 129, ó kù díẹ̀ káàtó!

Bẹ́ńṣì kan náà ni àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ń jókòó sí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Tíṣà kan náà ló kọ́ wọn. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe ìdánwò Common Entrance ti ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 2013. Nígbà tí èsì jáde, ọmọ Ìyá Aláta gba 129, ọmọ Ìyá Ìbejì tó ń ránṣọ gba 121. Síbẹ̀, ẹni tó gba 121 ni wọ́n ní ó yege. Ẹni tó gba 129 kò kúnjú òṣùwọ̀n.

Họ́wù! Irú ìṣirò wo nìyẹn?

Ariwo ta nínú kọ́ḿpáǹdì. Ìyá Aláta ní owó ni Ìyá Ìbejì fi rà á. "Ẹ̀yin lẹ mọ ẹni tí ẹ lọ rí lábẹ́lẹ̀!" Ìyá Ìbejì fèsì, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́ o. Nínú owó abẹ́rẹ́ àti òwú yìí, èló ni mo fẹ́ fún èèyàn?" Ọmọ tó gba 129 wọ yàrá lọ, ó faṣọ borí, kò jẹun alẹ́. Bàbá rẹ̀ ti pè é ní olódo.

Kì í ṣe olódo o! Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí.

Ìpínlẹ̀ tí bàbá ọmọ ti wá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe àdúgbò tó ń gbé. Lọ́dún 2013 yẹn, ọmọ Èkó gbọ́dọ̀ gba 133. Ọmọ Ògùn, 131. Ọmọ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun, 127. Ọmọ Oǹdó, 126. Ọmọ Kwara, 123. Ọmọ Èkìtì, 119. Ti Anambra ló ga jù, 139. Ní Zamfara ńkọ́? Máàkì 4 ni fún ọmọkùnrin, 2 fún ọmọbìnrin. Ẹ ò kà á ṣì!

Ìjọba ní tìtorí pé kí ọmọ gbogbo ìpínlẹ̀ lè jókòó pọ̀ nínú kíláàsì kan náà ni wọ́n ṣe dá àwọn ilé ìwé ìṣọ̀kan náà sílẹ̀. Ibi tí ọmọ tó ń ṣèdánwò ti pọ̀ bí eṣú, bíi Èkó, máàkì á ga. Ibi tí wọn ò ti pọ̀, á wálẹ̀. Àwọn kan gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó, lọ́dún 2014 ni adájọ́ sì ní irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ta ko òfin ilẹ̀ wa. Àríyànjiyàn náà ò tíì tán.

Ṣùgbọ́n Ìyá Aláta ò mọ gbogbo èyí. Lọ́jọ́ kejì ni ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ súùtù wá bá a ní ìsọ̀. Ó lóun mọ ọ̀gá ńlá kan l'Ábújá. Ó ní bí màmá bá lè fi nǹkan kún un, òun á fi ọmọ náà sílé ìwé àwọn ọlọ́pọlọ pípé ní Suleja pàápàá. Owó àjọ Ìyá Aláta ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́ ni. Ó ti ń tú etí ìró.

Ìyá Ìbejì tó bú lánàá ló wọlé, ìwé ìròyìn lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má tíì sanwó. Ẹ wo Ògùn níbí, ẹ wo Èkìtì. Àwọn tó mókè jù nínú Common Entrance ni wọ́n ń pè sí ìdánwò mìíràn fún ti Suleja. Ọmọ wa ò tíì wọ ti Ògùn, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mú un lọ síbẹ̀?" Kí Ìyá Aláta tó gbójú sókè, ọ̀gbẹ́ni ti gbé báàgì rẹ̀, ó ti dàwátì.

Lóòótọ́ ni. Láti ọdún 1986 tí wọ́n ti dá ilé ìwé Suleja sílẹ̀, ọmọ tí orí rẹ̀ pé jọjọ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Kì í ṣe ọjà tí wọ́n ń ná.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fi èyí ṣọgbọ́n. Máàkì ọdún kan kì í ṣe ti òmíràn, ẹ béèrè ti ọdún tiyín. Ìpínlẹ̀ tí ẹ bá kọ sí fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bá ìwé ìjọba ìbílẹ̀ yín mu. Ẹ má ṣe fi ọdún kún ọjọ́ orí ọmọ kó lè tètè wọlé. Ẹ sì fi làákàyè yan ilé ìwé kejì, nítorí gbogbo ayé ló ń rọ́ lọ sí King's College àti Queen's College, bẹ́ẹ̀ ilé ìwé ìṣọ̀kan lé ní 100 káàkiri Nàìjíríà. Ọmọ Ìyá Ìbejì gan-an tó yege ò rí àyè ní Queen's College tó kọ́kọ́ yàn. Ilé ìwé kejì ló gbà á.

Ọmọ Ìyá Aláta ńkọ́? Ìyá rẹ̀ fi díẹ̀ nínú owó àjọ ra ìwé, ọmọ náà ṣe ìdánwò Model College ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì wọlé. Bàbá tó pè é ní olódo ló ru àpótí rẹ̀ dé ẹnu géètì. Ìyá Ìbejì ló rán yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, kò gba kọ́bọ̀.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.