Odò Ọya: Ìgbà Tó Ń Kún àti Omi Inú Ilé

Ní 1964 ni àwọn ìjọba etí Odò Ọya dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀. Ní 1980 ó di Àjọ Odò Ọya. Orílẹ̀-èdè 9 ló wà nínú rẹ̀, Niamey sì ni ibùjókòó rẹ̀.

Láti ilẹ̀ olókè Guinea títí dé òkun, kìlómítà 4,180, àwọn onímọ̀ omi ń ka gíga odò yìí, wọ́n sì ń fi òǹkà náà ránṣẹ́ síra wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kún lọ́dún ní Kainji, ní Nàìjíríà.

Omi funfun: oṣù Ògún sí Ọ̀wàrà. Òjò Òkè Ọya ló ń gbé e wá, ẹrẹ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Omi dúdú: oṣù Ọ̀pẹ sí Ẹrẹ́nà. Òjò tó rọ̀ ní Guinea láti oṣù Agẹmọ ni. Àbàtà ilẹ̀ Mali ló ń dá a dúró, ibẹ̀ ló sì ń fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sí. Àárín ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń dé; oore ńlá ni fún olóko àkùrọ̀.

Odò Bẹ́núè, tó ń ṣàn wọ inú Odò Ọya, kì í ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Ní 2012, òjò àti omi tí wọ́n tú láti ìdídò Lagdo ní Kamẹrúùnù pàdé. Ènìyàn 363 kú ní Nàìjíríà. Ìkìlọ̀ ìkún omi kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré.

Ewéko olódòdó àlùkò tó ń léfòó lójú omi: láti apá Porto-Novo ní Benin ló gba Badagry wọ Nàìjíríà ní 1984. Ní 1991 ni wọ́n tú kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ sómi ilẹ̀ Benin.

Omi òjò: mìlímítà òjò 1 lórí páànù tó fẹ̀ ní mítà 1 lóòró, mítà 1 níbùú, lítà 1 ni. Bí òrùlé bá tó 50 irú rẹ̀, tí òjò mìlímítà 20 rọ̀, lítà 1,000 nìyẹn. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tó ṣòfò. Ó ku 800, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 32, láìná kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí àkọ́rọ̀ òjò fọ òrùlé ná kí ẹ tó gbé garawa síta.

Kànga: ó kéré tán, kó fi mítà 30 jìnnà sí ṣáláńgá.

Omi mímu: ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tòrò, kó wá hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 1. Bí kò bá sí ohun ìdáná, ẹ rọ omi tó tòrò sínú ìgò oníke tó mọ́, kí ẹ sá a sóòrùn fún wákàtí 6; bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ọjọ́ 2. Inú àmù ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí. Àmù ń mú omi tutù láìlo iná mànàmáná. Ẹ dé e, kí ife ìbomi rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀.

Ẹ gé ojú ìwé yìí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù.