Bí A Ṣe Lè Mọ Ibi Tí Agbára Ti Ń Já Nínú Land Rover Àtijọ́



Láti ìgbà tí Land Rover ti kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1948 ni àwọn tí ń gbé ibi tí ọ̀nà kò dára ti fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ lè fa ẹrù nígbà kan náà. Àwọn tí ìwé yìí ń sọ nípa wọn ni Series II tí ó jáde ní ọdún 1958, Series IIA ti ọdún 1961, àti Series III tí wọ́n ṣe láti ọdún 1971 títí di ọdún 1985. Ọkọ̀ àgbà ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ọ̀kan tí ó ń tọ́jú rẹ̀ kò jẹ́ fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré tí kò lè dé ìdí kòkó lẹ́yìn òjò.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé gbágùúdá tí a ti hú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí dúdú nínú. Bí ọkọ̀ bá dá ẹrù dúró sí oko, àdánù ni. Ṣùgbọ́n àdánù kejì máa ń ju èyí lọ nígbà púpọ̀: kí a tú àpótí jíà palẹ̀, kí a ná owó kòkó ọdún kan lé e lórí, kí a wá rí i pé bọ́ọ̀tì mẹ́rin tí ó dẹ̀ nídìí ṣáàfù ni ó ń dún. Àwọn baba wa wí pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a tú ohunkóhun títí ẹ ó fi mọ ibi tí agbára ti ń já.

ỌNÀ TÍ AGBÁRA Ń GBÀ

Agbára ẹ́ńjìnì ń rin ìrìn àjò kí ó tó dé ara táyà, ó sì ní ibùdó tí ó ń kàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibùdó kìíní ni kílọ́ọ̀ṣì. Èkejì ni àpótí jíà. Ẹ̀kẹta ni àpótí kan tí ó so mọ́ ẹ̀yìn àpótí jíà, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní transfer. Transfer yìí ni ó ń pín agbára: ó ń fi apá kan ránṣẹ́ sẹ́yìn, ó sì lè fi apá kejì ránṣẹ́ síwájú. Ṣáàfù gígùn kan ń lọ sẹ́yìn, òmíràn ń lọ síwájú, kírọ́ọ̀sì sì wà ní orí àti ìdí ṣáàfù kọ̀ọ̀kan kí ó lè máa tẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń fò sókè sódò. Ṣáàfù kọ̀ọ̀kan wọ inú kókó roboto tí ó wà lára ásùlù, èyí tí à ń pè ní differential. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pá irin méjì, èyí tí à ń pè ní half-shaft, ti ń gbé agbára lọ sí táyà ọ̀tún àti ti òsì.

Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà yìí lè tọ̀ ọ́ láti ibùdó dé ibùdó, gẹ́gẹ́ bí a ti ń tọ ipasẹ̀ ẹran ọ̀yà nínú oko.

KÍ Ẹ TÓ WỌ ABẸ́ ỌKỌ̀

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, nítorí pé ọ̀ràn ẹ̀mí ni. Hánbíréèkì Land Rover wọ̀nyí kò di táyà mú. Ẹ̀yìn transfer ni ó wà, ṣáàfù ẹ̀yìn ni ó sì ń di mú. Ohun mẹ́ta ni ó ti inú èyí jáde.

Èkíní: bí ẹ bá fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan kúrò nílẹ̀, táyà náà lè máa yí, kí èkejì tí ó wà nílẹ̀ sì máa yí sí òdìkejì, kí ọkọ̀ sì yí kúrò lórí jáàkì bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti fa hánbíréèkì dé òkè.

Èkejì: bí half-shaft ẹ̀yìn kan bá ti ṣẹ́, tàbí tí ẹ bá tú ṣáàfù ẹ̀yìn sílẹ̀, hánbíréèkì kò di ohunkóhun mú mọ́ níwọ̀n ìgbà tí táyà iwájú kò bá sí lójú iṣẹ́.

Ẹ̀kẹta: bí síìlì ẹ̀yìn transfer bá ń jo, inú hánbíréèkì gan-an ni ọ́ìlì yóò máa wọ̀. Hánbíréèkì tí kò múlẹ̀ mọ́ lórí òkè lè jẹ́ àmì síìlì tí ó ti gbó. Ẹ má ṣe kàn fà á le. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú ni kí ẹ ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò. Ẹ fi òkúta ńlá tàbí ìtì igi dí táyà níwájú àti lẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́.

BÍ Ẹ́ŃJÌNÌ BÁ Ń ṢIṢẸ́ TÍ ỌKỌ̀ KÒ RÌN

1. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀pá kékeré olórí pupa. Bí a bá tì í síwájú, jíà gíga ni. Bí a bá fà á sẹ́yìn, jíà agbára ni. Bí ó bá dúró sí àárín, kò sí agbára tí yóò kọjá transfer. Ọmọ tí ń ṣeré nínú ọkọ̀ lè ti fọwọ́ kàn án.

2. Bí ọ̀pá náà bá wà ní ipò rẹ̀, ẹ ki jíà kìíní, ẹ rọra fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, kí ẹ sì wo aago tí ń sọ bí ọkọ̀ ti ń sáré sí. Láti ara transfer ni aago yìí ti ń gba ìròyìn rẹ̀. Bí ọwọ́ aago bá gbéra nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan, kílọ́ọ̀ṣì, àpótí jíà àti transfer ti ṣe iṣẹ́ tiwọn. Ẹ̀yìn wọn ni agbára ti já. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú àpótí jíà. Ṣùgbọ́n bí aago náà bá ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹnìkan dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ní òkèèrè, kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ṣáàfù ẹ̀yìn bóyá ó ń yí.

3. Bí ṣáàfù ẹ̀yìn bá ń yí tí táyà kò yí, half-shaft kan ni ó sábà máa ń ṣẹ́. Ohun tí ó wọ́pọ̀ ni èyí lára Land Rover tí ó ń ru ẹrù wúwo jáde kúrò nínú ẹrẹ̀. Ẹ má ṣe sunkún. Ẹ tẹ ọ̀pá olórí yẹ́lò mọ́lẹ̀ kí táyà iwájú lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí họ́ọ̀bù iwájú bá jẹ́ irú èyí tí a ń fi ọwọ́ tì pa, ẹ tì í pa kọ́kọ́. Ọkọ̀ yóò rìn. Ẹ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, kí ẹ rọra wà á dé ilé, kí mẹkáníìkì sì yọ èyí tí ó ṣẹ́ kí irin rẹ̀ má baà ba differential jẹ́. Níbikíbi tí ẹ bá ti dúró, ẹ fi òkúta dí táyà.

4. Bí ọwọ́ aago kò bá gbéra, tí ṣáàfù kò sì yí, ẹ dán kílọ́ọ̀ṣì wò. Ẹ dí táyà, ẹ fa hánbíréèkì, ẹ ki jíà kẹrin, kí ẹ rọra fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ẹnikẹ́ni níwájú ọkọ̀. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá dára, ẹ́ńjìnì yóò kú. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ lọ láìbìkítà, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀. Ẹ má ṣe dán an wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí pé ó ń jó o. Bí ẹ́ńjìnì bá kú gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan kílọ́ọ̀ṣì kúrò.

5. Bí ó bá jẹ́ pé jíà ni kò fẹ́ wọlé, tí ó ń han gooro, pàápàá jíà tí a fi ń lọ sẹ́yìn, ẹ wo agolo ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó dá àpótí jíà lẹ́bi. Bí ọ́ìlì inú rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, ẹ wá ibi tí ó ti ń jo.

BÍ ỌKỌ̀ BÁ Ń RÌN TÍ Ó Ń KÉ

Ibùdó kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tí ó ń ké. Ẹ má ṣe bi ara yín léèrè pé báwo ni ohùn náà ti rí nìkan. Ẹ béèrè pé nígbà wo ni ó ń dún, àti nígbà wo ni ó ń dákẹ́.

Bí ó bá ń dún nígbà tí ọkọ̀ dúró tí jíà wà ní fírì, tí ó sì dákẹ́ nígbà tí ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, bíárìn iwájú àpótí jíà ni ẹ ó fura sí. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì ni ó bẹ̀rẹ̀, bíárìn kílọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ni.

Bí ó bá ń dún nínú jíà kìíní, èkejì àti ẹ̀kẹta, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ nínú ẹ̀kẹrin, inú àpótí jíà ni àìsàn wà, nítorí pé nínú jíà kẹrin agbára ń gba inú àpótí náà kọjá tààrà. Bí ó bá ń dún bákan náà nínú gbogbo jíà, ẹ kọjá sí transfer àti ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ẹ bá gbọ́ “gbọ̀ọ̀” ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí ẹ tẹ tọ́rótù àti ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ dí táyà, kí ẹ di ṣáàfù mú kí ẹ sì yí i sọ́tùn-ún sósì. Bí kírọ́ọ̀sì bá mì nínú ilé rẹ̀, ó ti gbó. Ẹ fi sípánà kan bọ́ọ̀tì rẹ̀ gbogbo. Bí ara ọkọ̀ bá ń gbọ̀n nígbà tí ó ń sáré, ṣáàfù náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí a óò bá tú u, kí a fi nǹkan sàmì sí i, kí a lè dá a padà bí ó ti wà gan-an.

Bí ohùn bá dà bí igbe tín-ín-rín, tí ó ń yí padà bí ẹ ti ń tẹ tọ́rótù tí ẹ sì ń fi í sílẹ̀, eyín differential ni ó ń ké. Bí ó bá jẹ́ ìró wúwo tí kò bìkítà fún tọ́rótù, ṣùgbọ́n tí ó ń pọ̀ sí i tàbí tí ó ń dín kù bí ẹ ti ń yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, bíárìn táyà ni. Bí ó bá ń dún “ká-ká-ká” nígbà tí ẹ yí sítíárìn gidigidi tí táyà iwájú sì wà lójú iṣẹ́, ẹ wo kírọ́ọ̀sì tí ó wà nínú ìdí táyà iwájú.

BÍ ỌKỌ̀ BÁ Ń FA ARA RẸ̀ LÓRÍ TÍTÌ ỌLỌ́DÀ

Nígbà tí ọkọ̀ bá yà ní kọ́nà, ọ̀nà tí táyà iwájú ń rìn gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Nínú Land Rover wọ̀nyí, bí olórí yẹ́lò bá wà nísàlẹ̀ tàbí tí ẹ bá wà nínú jíà agbára, iwájú àti ẹ̀yìn ti di ọ̀kan. Nínú ẹrẹ̀, táyà yóò yọ̀ díẹ̀, kò sì sí ewu. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, táyà kò lè yọ̀. Ṣáàfù, kírọ́ọ̀sì àti half-shaft ni yóò máa jìyà. Sítíárìn yóò wúwo, ọkọ̀ yóò dà bí ẹni pé bíréèkì dì í mú, ọ̀pá jíà yóò sì le koko.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò mọ̀ pé olórí yẹ́lò kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ fà sókè. Bí ẹ bá jáde sí títì, ẹ dúró, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ fa olórí pupa sẹ́yìn pátápátá, kí ẹ sì dá a padà síwájú. Yẹ́lò yóò fò sókè fúnra rẹ̀. Bí ó bá le, ẹ fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn díẹ̀ kí ìfà náà lè dẹ̀, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ má sì ṣe da táyà tuntun pọ̀ mọ́ èyí tí ó ti jẹ, nítorí pé ìfà kan náà ni yóò fà.

LẸ́Ẹ̀KAN NÍ OṢÙ

Ẹ nu abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ sì ṣí ihò tí a fi ń wọn ọ́ìlì lára àpótí jíà, transfer àti differential méjèèjì. Ọ́ìlì gbọdọ̀ kan ẹnu ihò náà. EP90 ni ó yẹ wọ́n. Bí ó bá funfun bí omi ògì, omi ti wọ inú rẹ̀; ẹ dà á nù lọ́jọ́ náà, pàápàá lẹ́yìn tí ẹ bá la odò kọjá. Ẹ yọ ẹrẹ̀ kúrò lẹ́nu ihò kékeré tí ásùlù fi ń mí, nítorí pé bí ó bá dí, ọ́ìlì yóò ti síìlì jáde. Ẹ fún kírọ́ọ̀sì ní gíríìsì. Nígbà tí ẹ bá ń da ọ́ìlì nù, ìyẹ̀fun irin díẹ̀ kì í ṣe ohun ìdágìrì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí èérún tí ó dà bí eyín tí ó kán, ẹ má ṣe wa ọkọ̀ náà mọ́ títí a óò fi tún un ṣe.

Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ má ṣe wí pé “jíà ti bàjẹ́.” Ẹ sọ ìgbà tí ó ń dún fún un, ìgbà tí ó ń dákẹ́, bí aago gbéra tàbí kò gbéra, àti ipò tí olórí pupa àti olórí yẹ́lò wà. Mẹkáníìkì rere yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Èyí tí ó bá fẹ́ tú àpótí jíà láìbéèrè ohunkóhun, ẹ mú ọkọ̀ yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.