Ọ̀nì fa Hendri yọ nínú ọkọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì ń wò ó lójú kòrókòró

Ká ní ẹni tí ò mọ omi lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ni, àwọn èèyàn ì bá ní àìmọ̀kan ló pa á. Ṣùgbọ́n Hendri Coetzee kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì lórí omi rárá. Ọmọ Gúúsù Áfíríkà ni, Uganda ló fi ṣe ilé, iṣẹ́ tó sì yàn láàyò ni kó máa fi ọkọ̀ kékeré la odò tó le kọjá. Lọ́dún 2004, òun ló ṣáájú ikọ̀ tó wa ọkọ̀ láti orísun odò Nile ní Uganda títí tí wọ́n fi já sí òkun Mediterranean. Irú ẹni tí ọ̀nì wá gbé nìyẹn!

Ọjọ́ keje, oṣù Kejìlá, ọdún 2010 ni, lórí odò Lukuga, ní Kóńgò. Odò yìí ló ń gbé omi kúrò nínú adágún Tanganyika. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ ń lọ: Hendri, ẹni ọdún 35, àtàwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì, Ben Stookesberry àti Chris Korbulic. Kálukú wà nínú kayak tiẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ tóóró tí kì í sábà gbà ju ẹnì kan lọ. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀nì wà níbẹ̀ o. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ wọn pẹ́kípẹ́kí síra wọn, kí ẹran omi lè rò pé nǹkan ńlá kan ló ń bọ̀.

Ẹ̀yìn lọ̀nì náà gbà yọ. Ó gbá Hendri mú léjìká, ó sì fà á wọ omi. Kí àwọn tó kù tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti parí. Wọn ò rí òkú ẹ̀ títí dòní.

Kí ló dé tí ọ̀nì fi ń kọlu ọkọ̀ gan-an? Ẹ wò ó, ojú, etí àti ihò imú ẹ̀, òkè orí ni gbogbo wọn wà. Gbogbo ara lè wà nínú omi kó ṣì máa rí yín, kó máa gbọ́ yín, kó sì máa mí. Ìrù ló fi ń ta ara ẹ̀ síwájú bí ọfà. Ọ̀nì odò Nile lè gùn tó mítà márùn-ún, kayak ọ̀hún alára kì í sábà gùn tó bẹ́ẹ̀ lórí irú odò yẹn. Ẹni tó sì jókòó sínú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba ni. Lójú ọ̀nì, oúnjẹ tó léfòó ni, tàbí àjèjì tó fẹ́ gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́. (Ọ̀nì ìhà tiwa ńkọ́? Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ fi hàn pé irú tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti odò Nile. Ó kéré sí i, ara ẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀. Èyí ò sọ ọ́ di ẹran ilé o.)

Obìnrin ọ̀mọ̀wé ará Ọsirélíà kan, Val Plumwood, rí i bọ́. Oṣù Kejì, ọdún 1985 ni, òun nìkan ló ń wa ọkọ̀ nínú igbó ọba Kakadu. Igi tó léfòó ló kọ́kọ́ rò pé òun rí. Àfi bí igi ṣe lajú! Ọ̀nì náà ń gbá ọkọ̀ léraléra. Nígbà tí Val fẹ́ fò mọ́ ẹ̀ka igi létí omi, ó hán an láàárín itan, ó sì ń yí i lábẹ́ omi. Bó ṣe máa ń pa ẹran nìyẹn, á máa yí i bí ẹni ń fún aṣọ, kó lè mu omi kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yí Val kó tó bọ́ lẹ́nu ẹ̀, tó fi ìka gun bèbè ẹlẹ́rẹ̀. Ó fi itan tó ti fà ya wọ́ ara ẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ẹ̀ṣọ́ igbó tó rí i. Ọdún 2008 ló tó kú. Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ yìnbọn pa ọ̀nì náà, òun gan-an ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé òun lòun wọ ilé onílé. Ẹ má bínú, èmi ò rò pé mo lè ní irú sùúrù yẹn.

Òyìnbó la ń sọ ìtàn wọn, torí ìwé ìròyìn gbé e. Àwọn apẹja tó ń fi ọkọ̀ igi gbígbẹ́ ṣiṣẹ́, tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí ọkọ̀ wọn, tọ́nì bá gbé ọ̀kan lọ nínú wọn, ará abúlé ẹ̀ nìkan ló sábà máa ń gbọ́. Ní Burundi, létí odò Ruzizi àti adágún Tanganyika kan náà, àwọn èèyàn ń bẹ̀rù ọ̀nì ńlá kan tí Patrice Faye, ará Faransé, sọ ní Gustave. Ó gbé àgò irin ràgàjì kalẹ̀ láti mú un, wọ́n tiẹ̀ fi ṣe fíìmù tó jáde lọ́dún 2004. Gustave ò kó sínú àgò náà.