«Ó ti là»: Ọ̀rọ̀ kan nípa ṣíṣí ọ̀nà èémí tí jẹjẹrẹ dí

Ní Lomé, Faransé ni dókítà sábà máa ń fi ṣàlàyé àìsàn, Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ ẹbí àwọn oníṣòwò wa ní Adawlato fi ń jíròrò rẹ̀ nílé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni désobstruction. Bí ògbufọ̀ bá sọ pé «ọ̀nà èémí Bàbá ti là», kò ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà bá dénú ilé tí ó wá di «Bàbá ti là», ìgbàlà ni ẹbí gbọ́.

Ọ̀nà èémí àgbàlagbà máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 15 sí 20. Bí jẹjẹrẹ bá fún un tí kò tó 8 mọ́, ènìyàn á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ó bá ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá tó 5, kódà lórí ìjókòó, èémí kì í tó. Èémí náà a máa dún, àwọn mìíràn a sì pè é ní ikọ́ fée.

Wọn yóò kun aláìsàn lóorun, wọn yóò ti ọ̀pá irin oníhò gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Ihò yẹn kan náà ni atẹ́gùn ń gbà. Irú irin bẹ́ẹ̀ ni Gustav Killian fi yọ eegun kúrò ní ọ̀nà èémí àgbẹ̀ kan ní Jámánì ní 1897. Lónìí, dókítà lè fi ẹnu irin náà gé kókó jẹjẹrẹ, tàbí kí ó fi laser jó o. Nígbà tí ó bá ń jó o, ó gbọ́dọ̀ dín ọ́síjìn kù sí ìsàlẹ̀ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, kí iná má baà ràn nínú àyà. Ẹni tí èémí kò tó ni wọ́n tún ń dín in kù fún! Ìdí nìyí tí iṣẹ́ náà fi ń fẹ́ ẹni tó mọ oorun kùn dáadáa.

Bí kókó náà bá ń tẹ ọ̀nà láti ìta, kò sí ohun tí wọn yóò jó. Stent ni wọn yóò fi gbé e dúró, bí irú ti sílíkónì tí Jean-François Dumon ṣe ní Marseille. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè dí i, ó sì lè yẹ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀.

Aláìsàn lè jí kí ó sì mí dáadáa lọ́jọ́ náà gan-an, èyí sì ni ó ń mú kí «ó ti là» dùn ún gbà gbọ́. Síbẹ̀ gbòǹgbò jẹjẹrẹ ṣì wà. Ìtànṣán tàbí oògùn ló kàn, bí ara bá gbà á. Nítorí náà, gbólóhùn tí mo dábàá fún ògbufọ̀, kí ẹbí tó fọwọ́ sí ìwé, ni: «Wọ́n fẹ́ ṣí ọ̀nà kí Bàbá lè mí. Jẹjẹrẹ náà yóò ṣì wà lára wọn.»