Ọmọ Àjàṣẹ́ tó kọ ìtàn sinimá Áfíríkà sílẹ̀

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní Lagbé, ní Ifangni, ọ̀pọ̀ wa ló ń wo fíìmù Yorùbá lórí fóònù. Kò sí òṣèré tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ìtàn sinimá Áfíríkà sínú ìwé? Ọmọ Àjàṣẹ́, ìlú tí kò jìnnà sí wa, ni. Paulin Soumanou Vieyra ni orúkọ rẹ̀.

Ọdún 1925 ni wọ́n bí i. Ó kọ́ iṣẹ́ sinimá ní ilé-ẹ̀kọ́ IDHEC ní Paris. Lásìkò náà, òfin Faransé ti ọdún 1934 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya fíìmù ní ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Áfíríkà láìgba àṣẹ. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò káwọ́ gbera. Wọ́n ya ìgbé ayé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Paris fúnra rẹ̀. Fíìmù náà, Afrique-sur-Seine, jáde ní 1955.

Lẹ́yìn òmìnira, ó ṣiṣẹ́ ní Sẹ̀nẹ̀gà. Ní 1963 ó ṣe Lamb, fíìmù lórí ìjàkadì. Ó bá Sembène Ousmane ṣiṣẹ́, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1972.

Iṣẹ́ rẹ̀ tó wúwo jù ni ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1975. Ó tò ó ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan: ta ló ṣe fíìmù wo, lọ́dún wo, títí dé 1973. Ẹni tó bá ń tajà mọ ìdí rẹ̀: gbèsè tí a kò kọ sílẹ̀, ìjà ló ń dà. Fíìmù tí a kò kọ orúkọ ẹni tó ṣe é, bí ẹni pé a kò ṣe é ni.

Ó kọ́ àwọn akọ̀ròyìn ní Yunifásítì Dakar. Síbẹ̀, olùkọ́ yìí tún di akẹ́kọ̀ọ́: ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Paris ní 1982, nígbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó kú ní 1987.

Lónìí, Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà ló ń tọ́jú ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀. Ó dára pé wọn kò ṣègbé, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn fún ọmọ Àjàṣẹ́ tó bá fẹ́ kà wọ́n.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wo fídíò ìgbéyàwó, ọdún egúngún àti ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tó wà nínú fóònù yín. Ẹ kọ orúkọ, ìlú àti ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí fóònù bá bàjẹ́ lọ́la, ta ni yóò rántí?